Màmá ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn: ilé ni iṣẹ́ ọmọ pọ̀ sí

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n gé ọyàn òsì màámi, àbúrò wọn ọkùnrin wá kí wa láti oko. Wọ́n mu omi, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní, "Ọlọ́run ṣeun, ó ti parí." Mo ní kò tíì parí o, kímò, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń fà sínú iṣan, ló kàn. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Ohun tí wọ́n ti gé dànù, kí ni wọ́n tún fẹ́ wò sàn níbẹ̀?"

Kì í ṣe àwọn nìkan ló bèèrè. Ará ọjà bi mí, ará ṣọ́ọ̀ṣì bi mí. Bí oṣù kẹwàá bá dé báyìí, tí gbogbo ayé wọ pínkì nítorí ìlanilọ́yẹ̀ jẹjẹrẹ ọyàn, ọ̀rọ̀ bí obìnrin ṣe ń fọwọ́ wá kókó nínú ọyàn rẹ̀ á kún ẹnu gbogbo ènìyàn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí kókó ọ̀hún, pàápàá lára ìyá àgbàlagbà, ẹni tó ń ròyìn ẹ̀ kò pọ̀.

Èmi kì í ṣe dókítà. Ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni màámi ti ń ta àdìrẹ, ẹni ọdún 68 ni wọ́n nígbà náà, èmi sì ni mo gbé fáìlì tẹ̀ lé wọn káàkiri. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé ọjọ́ tí a ń lò lọ́sibítù lóṣù kò ju mélòó kan lọ. Ìyókù, ilé ni. Ilé náà sì ni ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa bí a ó ṣe ṣe é.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń gé e, tí wọ́n tún ń fún un lóògùn?

Àwọn ẹyọ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ló para pọ̀ di ara wa. Sẹ́ẹ̀lì là ń pè wọ́n. Wọ́n ń gbó, wọ́n ń kú, òmíràn ń rọ́pò wọn. Jẹjẹrẹ ni ká sọ pé àwọn kan kọ̀ láti kú, wọ́n wá ń bí sí i láìgbàṣẹ. Inú ọyàn ni wọ́n ti máa ń ṣù jọ di kókó. Kì í ràn. Ẹ lè bá màmá yín jẹun nínú abọ́ kan, ẹ lè sùn lórí ẹní kan. Kì í sì í ṣe owó inú kọ́mú ló ń fà á, bí wọ́n ṣe máa ń sọ lọ́jà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ta ni ì bá ṣẹ́ kù ní Ìtòkú?

Àgbẹ̀ ni àbúrò màámi, mo wá fi koríko ẹ̀kan ṣàlàyé fún wọn. Ẹni tó bá ti bá ẹ̀kan jà lóko mọ̀ pé ọkọ́ lè mú gbogbo ewé orí ilẹ̀ kúrò láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti yọ ẹnu ṣóńṣó níbi tí o kò tilẹ̀ ro, nítorí gbòǹgbò tó já sínú ilẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ó lè hù. Iṣẹ́ abẹ ni ọkọ́ yẹn. Kímò ni yóò wá gbòǹgbò jíjá kiri níbi tí ọ̀bẹ dókítà àti ojú ẹ̀rọ kò lè dé. Fún ẹlòmíràn, kímò ni wọ́n á kọ́kọ́ fún un kí kókó lè sún kì, kí wọ́n tó gé e. Dókítà kò ṣàṣìṣe, bí tirẹ̀ ṣe rí ni.

Wọ́n mi orí. "Àṣé ẹ̀kan ni." Láti ọjọ́ náà, àwọn gan-an ló ń bá mi ṣàlàyé fún àlejò.

Kí ni wọ́n kọ sínú ìwé èsì yẹn?

Biopsy ni wọ́n máa ń ṣe ṣáájú, ìyẹn ni pé wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ nínú kókó lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ìbẹ̀rù pọ̀ nílé wa pé bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ kàn án, yóò tú ká. Irọ́ ni. Ohun tó ń jẹ́ kó tú ká ni ká jókòó tì í fún oṣù mẹ́fà nítorí ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́.

Ẹ ó rí ipele 1 sí 4. Ohun tó ń sọ ni bí kókó ṣe tóbi tó, bóyá ó ti dé abíyá, bóyá ó ti kúrò lágbègbè ọyàn lọ sí egungun, ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Ipele 4 ni èyí tó ti rìnrìn àjò. Oògùn kì í sábà lé e tán níbẹ̀, àmọ́ ó lè kó o níjàánu, ó lè dín ìrora kù, àwọn mìíràn sì ń gbé ọdún bíi mélòó kan pẹ̀lú ẹ̀.

Orúkọ mẹ́ta kan wà tó ń da orí rú: ER, PR, HER2. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí "positive" nídìí ER, ó ká ọwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún. Ó rò pé kòkòrò HIV ni wọ́n ń sọ. Ó yẹ kó rẹ́rìn-ín ni. ER àti PR dà bí ẹnu tí jẹjẹrẹ fi ń jẹ omi ìṣobìnrin tó wà nínú ara, èyí tí wọ́n ń pè ní hòmóònù. Bó bá ní ẹnu yẹn, a lè fi ebi pa á pẹ̀lú oògùn oníhóró tí wọ́n á máa lò nílé. Obìnrin tí nǹkan oṣù ti dúró lára rẹ̀ láti ogún ọdún ṣì ní díẹ̀ nínú hòmóònù yìí, torí ọ̀rá ara ń ṣe é. HER2 jẹ́ ẹnu mìíràn, oògùn tirẹ̀ ni trastuzumab, tí wọ́n mọ̀ sí Herceptin lọ́jà. Ọdún kan ni wọ́n sábà máa ń gbà á, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ó wọ́n, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ọkàn wò tí wọ́n bá ń gbà á. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ "negative", oògùn oníhóró ti hòmóònù kò ní ṣiṣẹ́, kímò ni ohun ìjà tó kù jù.

Bí wọn kò bá tíì ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta yìí, ẹ bèèrè ẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ kì í ra bàtà.

Ṣé ká sọ fún wọn?

Nílé tiwa, a kò sọ. A ní kókó lásán ni. A ní ara àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ gbọ́ jẹjẹrẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni irọ́ náà pẹ́. Lórí bẹ́ǹṣì, bí a ti ń dúró de dókítà, obìnrin kan tó jókòó ti màámi fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi wọ́n pé, "Ìyá, ẹ̀yin ti gba kímò mélòó?" Màámi kò fèsì. Wọn kò sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ títí a fi dé Kútọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti yíjú sí mi: "Ara ta ni ẹ̀ ń bá dókítà jíròrò?"

N kò ní èsì. Ara wọn ni, àwọn ni yóò fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ, àwọn ni wọ́n á gún lábẹ́rẹ́. Ẹ sọ ọ́ lórúkọ, ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n bèèrè. Èmi máa ń kọ ìbéèrè màámi sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí bí wọ́n bá ti rí dókítà tán, "kò sí wàhálà" nìkan ló ń jáde lẹ́nu wọn.

Nígbà tí dókítà ní àwọn lè yọ kókó nìkan kí ọyàn kù, tàbí kí wọ́n gé gbogbo ẹ̀, màámi ní, "Ṣé ọmọ ni mo tún fẹ́ fún lọ́mú ni?" A rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ má fi tiwọn díwọ̀n tàwọn tó kù. Obìnrin ẹni ọdún 75 lè sunkún ọyàn rẹ̀ bí ọmọge. Ẹ bi í léèrè.

Àwọn kan á ní ó ti dàgbà jù fún kímò. Kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ni dókítà ń wò. Ọkàn ńkọ́, kíndìnrín ńkọ́, ṣúgà ńkọ́, ṣé ìyá ṣì ń dìde fúnra rẹ̀? Wọ́n lè dín oògùn kù, wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní àwọn kò gbà á, ẹ wádìí ohun tó wà nídìí ẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Ti màámi, owó ni. Wọ́n ti fi ẹnu ara wọn ṣírò ẹ̀, wọ́n sì ti pinnu pé àwọn kò ní jẹ́ kí a ta ilẹ̀ Ọ̀bàntokò.

Kí ni wọ́n ń ṣọ́ lára apá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ?

Wọ́n sábà máa ń yọ kókó díẹ̀ lábíyá pẹ̀lú ọyàn. Àwọn kókó abíyá yìí dà bíi gọ́tà tí omi ara ń gbà kọjá. Bí gọ́tà bá dín, omi lè dúró sápá, kí apá wú. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọdún. Bí ẹ bá rí i pé òrùka tàbí bàǹgù ti ń fún wọn, ẹ tètè sọ. Kí wọ́n má fi apá yẹn ru ẹrù, kí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru níhà kejì. Kí wọ́n sì máa fi ìka rin ògiri sókè díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i lọ́sibítù, kí èjìká má baà gan.

Aláró ni tiwa, sódà ni wọ́n sì ń kì bọ aró, ó ń jẹ ọwọ́. Egbò kékeré lápá yẹn lè gba kòkòrò kíákíá. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà di dandan. Ìjà tí ìbọ̀wọ́ yẹn dá sílẹ̀ ju ti kímò lọ.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọjọ́ 21?

Oríṣi kímò pọ̀, àwọn kan jẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Ìdí tí wọ́n fi ń fún un láyè ni pé kímò kò dájú mọ ẹni. Ohunkóhun tó bá ń yára dàgbà ló ń kọlù: jẹjẹrẹ, irun, awọ inú ẹnu, ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ 21 ni ara fi ń tún ti ẹ̀ ṣe kí ìkejì tó dé.

Lọ́jọ́ kìíní, ẹ ó jókòó ti dírìpù fún wákàtí mélòó kan. Ọ̀kan lára oògùn náà pupa bí omi sóbò, doxorubicin lórúkọ ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, nǹkan bí aago mọ́kànlá, màámi pè mí láti ilé ìwẹ̀. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú pọ́ọ̀ ìtọ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń tọ̀ o." Oògùn ni. Ó máa ń pọ́n ìtọ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹnì kankan kò sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó yé wọn, wọ́n wo pọ́ọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní, "Ẹni tó pa á láró yìí gbọ́ iṣẹ́ ẹ̀."

Ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún ni èébì àti ẹnu kíkorò. Oògùn èébì, kí wọ́n lò ó kí èébì tó dé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ lè máa rùn sí wọn. Ọ̀fadà kò wọ ilé wa fún oṣù mẹ́ta nítorí òórùn ẹ̀, láfún náà di ọ̀tá. Ẹ̀kọ tútù, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ọbẹ̀ ẹja tí kò ta, díẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́, ló gbà á. Ẹ má febi pa wọ́n nítorí ẹni tó sọ pé oúnjẹ ló ń bọ́ jẹjẹrẹ. Ara tí ebi ń pa ni kímò máa ń dá dúbúlẹ̀.

Ìgbà tó léwu jù ni nǹkan bí ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá, ìgbà náà sì ni ojú wọn máa ń tàn wá jẹ, torí èébì ti dáwọ́ dúró, wọ́n ti ń fẹ́ lọ sọ́jà. Àsìkò yẹn gan-an ni sójà inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò jà, kéré jù. Ẹ ra tẹmómítà oníbátìrì. Bí ara bá gbóná dé 38, ọsibítù ni, lóru ni o, lọ́jọ́ Àìkú ni o. Ní Abẹ́òkúta, ibà ni a máa ń pe ara gbígbóná gbogbo, a ó lo oògùn ibà, a ó ní ká wò ó di àárọ̀. Fún ẹni tó ń gba kímò, ó lè má di àárọ̀. Ẹ má lo parasitámọ́ọ̀lù bo ooru náà mọ́lẹ̀ kí ẹ tó pe ọsibítù. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, gbólóhùn àkọ́kọ́ kí ó jẹ́: "Kímò ni wọ́n ń gbà, òní ló di ọjọ́ mẹ́sàn-án." Ẹ ní kó wà lẹ́nu gbogbo ará ilé, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ fún àgbàlagbà. Ara wọn lè má gbóná rárá, kí kòkòrò sì ti wọlé. Bí wọ́n bá ṣàdédé ń sọ kántankàntan, tí wọ́n ń sùn ṣáá, tí wọn kò lè dìde bíi ti àná, ẹ má ní ogbó ni.

Irun máa ń já bíi ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta. Màámi kò dúró dè é, wọ́n ní kí wọ́n fá a. Kó tó kan ìkejì, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí sójà kò bá tíì pé, wọ́n á ní kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ń bíni nínú, àmọ́ ààbò ni.

Ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti àgbo ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń lo oògùn mìíràn kí jẹjẹrẹ tó dé. Dexamethasone tí wọ́n ń fún wọn nítorí èébì àti ara yíyún máa ń gbé ṣúgà sókè, nítorí náà, kí alátọ̀gbẹ máa wọn ti ẹ̀ léraléra lọ́jọ́ náà. Ẹ kó gbogbo oògùn ilé sínú ọ̀rá kan, kí ẹ gbé e fún dókítà.

Kí ẹ kó àgbo náà sí i. Nínú ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀rẹ́ màámi gbé ìgò mẹ́rin wá, gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́. Èmi kò bá wọn jà. Mo ní ẹ̀dọ̀ kan náà ló ń ṣiṣẹ́ lórí kímò àti àgbo, kí a má di ẹrù méjì lé e lórí, kí ìgò ṣì dúró títí kímò á fi parí. Wọ́n gbà. Ti àdúrà, kò sí ìjà níbẹ̀, àfi bí ẹni tó ń gbàdúrà bá ní kí wọ́n pa oògùn tì.

Ìtànṣán: èwo ni ti Ìbàdàn tàbí Èkó?

Lẹ́yìn kímò, wọ́n lè ní kí màmá gba ìtànṣán, iná tí ojú kò rí tí ẹ̀rọ ń tàn sí ibi tí wọ́n gé. Kì í dun ènìyàn nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Awọ ibẹ̀ máa ń dúdú, ó lè bó, ara á rẹ̀ wọ́n. Iná náà kì í dúró sára, wọ́n lè gbé ọmọ ọmọ wọn lọ́jọ́ náà gan-an.

Wàhálà ẹ̀ ni pé ojoojúmọ́ ni, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún. Wọ́n lè tọ́ka yín sí ọsibítù ńlá UCH n'Íbàdàn, tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, níbi tí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí NSIA, àjọ tó ń fi owó ìjọba àpapọ̀ dókòwò, bá wọn dá sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019. Rélùwéè wà láti Ládérìn ní Abẹ́òkúta lọ sí Mọ́níyà n'Íbàdàn tàbí Ẹ̀búté Mẹ́tta l'Ékòó, ó sì rọrùn fún egungun àgbà ju ọkọ̀ Kútọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ ó tún wọkọ̀ tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ wá ilé ẹbí tàbí yàrá kan sítòsí ọsibítù. Ẹ má gbìyànjú àlọ-àbọ̀ ojoojúmọ́.

Ti owó, ẹ wá àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní social worker tó wà nínú ọsibítù ìjọba kí ẹ tó ta nǹkankan. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ètò adójútòfò ìlera lè san, àti owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Cancer Health Fund, tó wà fún àwọn aláìní tó ní jẹjẹrẹ ọyàn, ẹnu ilé ọmọ tàbí ti pírósítéètì. UCH wà lára ọsibítù tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kí ẹnì kan ṣoṣo sì máa kọ owó sínú ìwé kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, jẹjẹrẹ á kúrò lára ìyá, á bọ́ sáàárín ọmọ.

Ṣé àwa ọmọ náà máa ní in?

Èyí tó jẹ́ àjogúnbá pátápátá kò pọ̀, bíi 5 sí 10 nínú 100. Àmọ́ ewu ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ ní in pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹ lọ sọ fún dókítà, kó sọ ìgbà tí àyẹ̀wò yín yóò bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ń ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀.

Oògùn ọdún márùn-ún wo nìyẹn?

Bí ER tàbí PR bá jẹ́ "positive", wọ́n á fún wọn ní tamoxifen, 20 mg lójúmọ́, tàbí fún ẹni tí nǹkan oṣù ti dúró, anastrozole, 1 mg. Ó kéré tán, ọdún márùn-ún. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́, nítorí ara ti yá, irun ti hù, kò sí ẹni tó ń wá kíni mọ́. Bí ìyá tó ń lo tamoxifen bá rí ẹ̀jẹ̀ lójú ara, bó ti wù kó kéré tó, tàbí tí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú tó ń dùn ún, kí wọ́n lọ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Anastrozole ní tiẹ̀ lè mú oríkèé ro, kó sì sọ egungun di fẹ́lẹ́. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì tó lè gbé wọn ṣubú kúrò nílẹ̀.

Àárọ̀ ni màámi ń lo tiwọn, lẹ́yìn ẹ̀kọ. Mo ra páálí tí wọ́n ń pín oògùn sí, èyí tó ní ojúlé méje, wọ́n fi kó bọ́tìnnì. Kàlẹ́ńdà ògiri ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń lò. Bí wọ́n bá ti gbé oògùn mì, wọ́n á ti ìka ọwọ́ ọ̀tún bọ aró, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ déètì ọjọ́ náà. Ọwọ́ òsì, inú ìbọ̀wọ́ ló wà.